Káàdì Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tú Bàbá Rẹ àti Bàbá Mi Ká

                                                  Ojúlé Kọkànlá,
                                                  Òpópónà Ìjàgbó,
                                                  Ọ̀fà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                  Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Màrdíyyàh, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Mùíz,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Mùíz ńkọ́, àti àbúrò rẹ̀ tí mi ò tíì fojú kàn? Ṣé eyín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀? Ọyẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Kàdúná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Dákun máa fi ìpara pa ẹsẹ̀ ọmọ náà dáadáa. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo bi Alhaja, ìyá rẹ, wọ́n ní o ti ń lo oògùn. Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i. Ní tèmi, ara le. Iṣẹ́ káńsù ò pa mí, ọ̀gá mi tuntun ló fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ìyẹn á di ọjọ́ mìíràn. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń sùn bí òkúta bíi ti ìgbà tí o máa ń sùn sí ilé wa.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa sọ pé, kí ló dé tí Bùkọ́lá kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí wọ́sáàpù bíi ti gbogbo ayé. Ìdí kan ni pé káàdì kan wà nínú àpòòwé yìí, mo sì fẹ́ kí o fọwọ́ kàn án. Ìdí kejì ni pé Alhaji, bàbá rẹ, ti pè ọ́, wọ́n sì ti sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan, pé àwọn àti Adétóyè, bàbá mi, wà bí wọ́n ṣe wà. Ìyá Mùíz, irọ́ ni. Nǹkan wà. Nǹkan pọ̀. Gbogbo Ọ̀fà ló gbọ́, ìwọ ọmọ wọn nìkan ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn.

Kí o tó ka ìyókù, yọ káàdì náà síta kí o wò ó. Àwọn tó kàwé ń pè é ní pósítíkáàdì: àwòrán ní iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo kí ènìyàn lè kọ ìkíni sí i. Bẹ́ǹṣì tí o rí yẹn, bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni, lẹ́bàá ọ̀nà tésàn rélùwéè. Ẹni tó jókòó, tí fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan, bàbá rẹ ni. Ẹni tó lóṣòó sídìí lọ́rì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ni. Wo bí ẹnu Alhaji ṣe sún mọ́ etí bàbá mi, tí ọ̀rọ̀ ń ti ibẹ̀ jáde bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ etí bàbá mi lọ, tó gba apá wọn kọjá, tó sì di ọ̀dà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Ó dára àbí kò dára? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omi bọ́ lójú mi. Tí mo bá rí i nísinsìnyí, màá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

Fatimah ló yà á, ọmọ Ìyá Asiata tó ń ránṣọ nítòsí wa. O lè má rántí rẹ̀, ó kéré nígbà tí o lọ ilé ọkọ. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà jáde, ó sì ti padà wálé pẹ̀lú àpótí ọ̀dà kan àti ojú tó máa ń wo nǹkan títí tí nǹkan náà á fi tijú. Ó wá ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bi àwọn bàbá wa bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn tó kí ènìyàn béèrè ìtàn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ fún un bí bàbá mi ṣe ti Iléṣà wá, tí wọ́n ń kun lọ́rì, tí wọ́n ń kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé lọ́jọ́ kan, onílọ́rì kan ní kí bàbá mi kọ "Kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe" sí ẹ̀yìn ọkọ̀ òun. Bàbá rẹ, tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ilé kéú nígbà náà, ń kọjá lọ, wọ́n sì dúró.

Wọ́n ní, "Gbogbo lọ́rì ló ti sọ ìyẹn. Ọlọ́run pàápàá ti gbọ́. Kọ ọ́ pé: Ẹ rọra sá, ibi tí à ń lọ ò kúrò níbẹ̀."

Onílọ́rì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Alhaji ti ń sọ, tí bàbá mi ń kọ. Àbí o gbàgbé ọkọ̀ alùbọ́sà tó ń ná Kánò, tí wọ́n kọ "Ọ̀tá mi ló ń ka èyí" sí ìdí rẹ̀? A máa ń sáré tẹ̀ lé e nígbà tí a wà ní kékeré, tí a ó máa kígbe pé àwa kọ́, àwa kọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ìwòyí ti gba wèrè sítíkà, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tó lọ́gbọ́n lórí ṣì ń yà lọ́dọ̀ àwọn bàbá wa.

Ohun tí Fatimah gbọ́ nìyẹn tó fi lọ ya káàdì. Ó ní òun kò tíì rí ọ̀rẹ́ méjì tí iṣẹ́ wọn di ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi lẹ tiwọn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Alhaji fi tiwọn sínú àpò agbádá, wọ́n ń yọ ọ́ han gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn, títí kan ẹni tó wá ka iná. Ìlú ń yìn wọ́n, inú wọn ń dùn, ọrùn wọn sì ń gùn sí i. Bí ó bá parí síbẹ̀, ǹ bá má yọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú lẹ́tà gígùn.

Ṣùgbọ́n Jacob wà. Jacob onígbàjámọ̀ òdìkejì títì. Bí kò bá rí orí tí yóò fá, á wá ọ̀rẹ́ méjì tí yóò tú. Ó wá wo káàdì lára ògiri, ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń lóṣòó fún Alhaji?"

Bàbá mi ní, "Èmi? Mi ò lóṣòó fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Mo mọ̀, sà. Èmi mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti òkèèrè wá á rò pé ọ̀gá ló jókòó yẹn, pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà nílẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fọn fèrè lẹ́nu. Bàbá mi já káàdì náà kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e lọ sínú oòrùn, wọ́n sún un mọ́ ojú títí ó fi kan imú wọn. Mo rò pé ìbínú ni. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ.

Bí Alhaji ṣe dé, tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́, dípò kí wọ́n bẹ bàbá mi, wọ́n fa káàdì tiwọn yọ.

"Ìyẹn ni ìwọ rí? O ò rí ohun tí ọmọ yìí fi èmi ṣe? Wo ẹnu mi. Ṣé ẹnu ènìyàn nìyí àbí ẹnu ìkòkò? Wo ọ̀rọ̀ mi bó ṣe tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, kí o wá wo ọ̀dà tìrẹ bó ṣe sanra!"

"Ọ̀dà ló ń hàn, Kamaldeen. Ta ló fojú rí ọ̀rọ̀ rí?"

"Ta ló ka ọ̀dà lásán rí?"

"Láìsí ọwọ́ mi, ọ̀rọ̀ rẹ ì bá máa fò kiri bí eṣinṣin tí kò ríbi bà."

"Láìsí ẹnu mi, ilẹ̀kùn ṣáláńgá ni ìwọ ì bá máa kùn títí di òní."

Ṣáláńgá yẹn ló bà á jẹ́. Màrdíyyàh, àgbàlagbà méjì tí wọ́n jọ sin òkú, tí wọ́n jọ sọ ọmọ lórúkọ, tí bàbá mi ń bá Alhaji ṣí ààwẹ̀, tí Alhaji ń bá bàbá mi jẹ Kérésì, wọ́n torí àwòrán tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ yan ara wọn lódì. Fatimah sáré wá bẹ̀ wọ́n, ó ní òun á tún un yà, òun á jẹ́ kí bàbá mi jókòó. Alhaji ní tí Adétóyè bá jókòó, àwọn á dìde. Bàbá mi ní tí Kamaldeen bá dìde, àwọn náà á dìde. Ọmọ náà kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ ilé.

Èmi ni mo wá di ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, èmi tí mo ní irun funfun lórí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti bọ́ sínú ọ̀fìn.

Bàbá mi á ní, "Bùkọ́lá, sọ fún ọkùnrin yẹn pé ìwé ìròyìn tó ń kà, tèmi ni."

"Bùkọ́lá, bá mi sọ fún onílé pé mo ti kà á tán, kò sí ohun gidi nínú rẹ̀, bíi ti ẹni tó ni í."

Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n sì jókòó lé! Ọ̀kan wà ní igun yìí, èkejì wà ní igun tọ̀hún, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Bí ọ̀kan bá dìde lójijì, èkejì á ṣubú. Ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan: bàbá mi dìde, bẹ́ǹṣì fì, bàbá rẹ sì bá ara wọn nílẹ̀. Mo sáré lọ gbé wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún onílé pé ohun tó ń wá ló rí yẹn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò wá mọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé á rọrùn báyìí. Kò rọrùn. Bàbá mi fi àárọ̀ gbogbo wo títì. Oúnjẹ wọn ń di tútù. Wọ́n dá gba iṣẹ́ kan, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, wọ́n sì dá ro ohun tí wọn yóò kọ sí i. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán, awakọ̀ pè mí kí n wá wò ó. Ìyá Mùíz, ohun tí bàbá mi kọ, gàdàgbà gàdàgbà, ni: ỌKỌ̀ NI ÈYÍ.

Awakọ̀ náà bi mí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé, "Àǹtí, ṣé ẹnì kan ti ń rò pé ewúrẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà pàápàá sàn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló dùn mí. Àwọn lẹ́tà náà ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ bí àgùntàn tó ń lọ mu omi, èyí ń gun orí ìyẹn. Bàbá mi, tí ìlà wọn máa ń gún bíi ti rélùwéè! Mo tún rò pé ìbànújẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí o má rẹ́rìn-ín bàbá mi nìkan, nítorí bàbá rẹ náà ṣe tiwọn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tiwọn lọ bá àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà tó ń ṣe sítíkà. Ọ̀rọ̀ náà dára, ọwọ́ wọn ni: "Ọkọ̀ mi kì í sùn lójú ọ̀nà." Ẹ̀rọ àwọn ọmọ náà kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì kankan lábẹ́ lẹ́tà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì Ìlọrin. Jọ̀wọ́, bá mi yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, yọ tìsàlẹ̀ rẹ̀ náà, kí o wá kà á bí àwọn ọmọ gáréèjì á ṣe kà á. Ṣé o ti kà á? Obìnrin kan kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní wọ bọ́ọ̀sì náà. Awakọ̀ fi èékánná ha sítíkà náà kúrò kó tó kúrò ní gáréèjì. Alhaja ní láti ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ kì í jáde mọ́, pé fìríìjì ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún, nítorí ìyẹn nìkan ló dúró bí ọkọ̀ nínú ilé.

Ibi tí a dé nìyẹn tí Olúṣèyí fi gbọ́ nípa káàdì.

O mọ Olúṣèyí. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ọ̀nọ́rébù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé ilé ìgbìmọ̀ kankan rí, àfi èyí tó dé láti lọ gba káńtíráàtì. Ó ti dé láti Àbújá, ó fẹ́ du ipò. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n má retí kí n fi "wọ́n" pè é nínú lẹ́tà yìí. Bàbá mi àti bàbá rẹ ti gba gbogbo "wọ́n" tó wà lọ́wọ́ mi. Ó rí àwòrán náà lórí Fésíbúùkù níbi tí àwọn ọmọ Ọ̀fà ìlú òyìnbó ti ń sunkún lé e lórí. Ó pe Fatimah, ó ní òun á tẹ káàdì náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, òun á ṣe ayẹyẹ ńlá fún un, àwọn bàbá méjèèjì á sì kọ nǹkan sí ara bọ́ọ̀sì ìpolongo òun lójú gbogbo ayé. Fatimah gbà. Ọmọ yẹn rò pé gbogbo ẹni tó bá ti ní òun fẹ́ràn àwòrán ló fẹ́ràn ẹni tó yà á.

Àwọn bàbá wa náà gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí èkejì má baà lọ dá gba iyì náà.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n fi àwọn bàbá wa jókòó níwájú, wọ́n gbé máìkì sórí tábìlì kékeré kan láàárín wọn. Alhaji ń wo òrùlé, bàbá mi ń wo ilẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bo bánà kan tó tóbi bí ògiri ilé. Olúṣèyí fà á, aṣọ já sílẹ̀, àwọn tí wọ́n kó wá pàtẹ́wọ́.

Màrdíyyàh, ó ti wọ inú àwòrán! Ó dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó gbé apá lé wọn léjìká bí ẹni tó bí wọn. Okùn ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu Alhaji bọ̀ kò dé etí bàbá mi mọ́. Inú fìlà Olúṣèyí ló lọ wọ̀. Ohun tí bàbá mi sì ń kọ sára lọ́rì ni OLÚṢÈYÍ NI KÍ Ẹ DÌBÒ FÚN. Ní igun ìsàlẹ̀ níbi tí Fatimah kọ orúkọ rẹ̀ sí, wọ́n ti fi nọ́ńbà fóònù ilé ìpolongo dí i. Àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà tún ti ṣe tiwọn. Mo wo Fatimah. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ní kó wá bá wọn jó níbi ìsọmọlórúkọ.

Olúṣèyí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ ni ìpìlẹ̀ ìlú, pé láti kékeré lòun ti ń wo àwọn bàbá yìí kọ́ ìwà. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti rọra fẹ̀gbẹ́ tì. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ tààrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ṣáláńgá. Wọn ò rántí máìkì.

"Kamaldeen. Kí ló wà lára nǹkan yẹn?"

Alhaji yí orí wọn padà. Wọ́n wo bàbá mi fún ìgbà díẹ̀. Mo ń retí èébú. Wọ́n sún àga wọn mọ́ ti bàbá mi.

"Ìwọ nìyẹn, èmi nìyẹn. Ẹnì kan wà láàárín."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ẹbí rẹ ni."

"Irú fìlà wo ló dé?"

"Èyí tó ju orí lọ."

"Ẹbí mi kọ́ nìyẹn."

Ilé rú. Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn, àwọn tí wọ́n kó wá pàápàá ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Olúṣèyí bá wọn rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú àwàdà! Èmi ni. Èmi ọmọ yín ni."

Alhaji ní, "Ìwọ ni? Ọjọ́ wo lo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa?"

Bàbá mi ní, "Orúkọ ọmọ tó yà á ńkọ́, Kamaldeen?"

"Wọ́n ti pa á rẹ́."

"Ó dáa. Ẹ mú wa lọ síbi bọ́ọ̀sì."

Bọ́ọ̀sì náà funfun, ó ń dán bí eyín ọmọ tuntun. Bàbá mi lóṣòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dúdú. Bàbá rẹ gbé àga ti etí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti gbọ́njú. Èrò rọ̀gbà yí wọn ká. Olúṣèyí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó na àtàǹpàkò sókè, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Alhaji mú wá, mo bá yọ́ lọ sẹ́yìn wọn. Ohun tí mo gbọ́ nìyí:

"Gbé e sókè díẹ̀. Ó tó. Máa bọ̀ lọ́tùn-ún. Dúró, ó ti fẹ́ kan èyí tó ṣáájú. Ṣí i sílẹ̀. Ó dáa, fà á wálẹ̀ báyìí, jẹ́jẹ́."

Màrdíyyàh, ojú bàbá mi ti lọ. Nǹkan tó tóbi bí ògiri ni wọn ò rí nínú gbọ̀ngàn. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ni bàbá rẹ ń sọ sí wọn létí ní gbogbo ìgbà yìí, àṣé ojú ni wọ́n ń yá wọn. Mi ò mọ̀, màmá mi ò mọ̀, Fatimah tó jókòó tì wọ́n tó fi yà wọ́n ò mọ̀. Ohun tó wá pa mí lẹ́kún ni pé, nínú gbogbo èébú tí wọ́n bú ara wọn, ẹnu ìkòkò, eṣinṣin, ṣáláńgá, bàbá rẹ kò fẹnu kan ojú bàbá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní ohun tí wọn ì bá fi parí ìjà náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé e mì.

Mo nu ojú mi, mo wo ohun tí wọ́n kọ. Ìlà náà gún. Àwọn èrò ti ń kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde: ÀÁRÍN Ọ̀RẸ́ MÉJÌ KÌ Í ṢE IBÙJÓKÒÓ. Lábẹ́ rẹ̀, ní kékeré: Fatimah ló ya àwòrán.

Olúṣèyí ṣì na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè nígbà tí ariwo sọ. Ó yíjú padà, ó kà á. Ó tún un kà. Ọ̀dà wa kì í ṣe ọ̀dà tí omi ń fọ̀, bọ́ọ̀sì náà sì gbọ́dọ̀ lọ sí Ìjàgbó àti Ẹ̀rìn-Ilé lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní nígbà tó dé Ẹ̀rìn-Ilé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀yìn ọkọ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ. Ohun tí Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé jọ fẹnu kò lé lórí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kò pọ̀, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì yẹn wà lára rẹ̀. Ojú ò ti olóṣèlú rí o. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ọ lórí rédíò tó ń ṣàlàyé pé òun gan-an ló ronú ọ̀rọ̀ náà, pé ó fi hàn pé òun kì í jókòó sáàárín, iwájú lòun máa ń jókòó. Àwọn káàdì tó tẹ̀ ṣì wà níbi gbogbo. Jacob ń fi tiẹ̀ nu abẹ.

Fatimah ti padà ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti ń ya nǹkan mìíràn. Àwọn bàbá wa ní kó ṣọ́ra. Wọn ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn, ìwọ náà mọ̀ pé wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaji kàn wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó sí igun bẹ́ǹṣì tiwọn, wọ́n ní, "ỌKỌ̀ NI ÈYÍ." Bàbá mi ní kí wọ́n lọ bi àwọn ọmọ gáréèjì léèrè ìtumọ̀ sítíkà tiwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá mi fi wúkọ́.

Mo wá gbá bàbá mi mú nínú ilé, mo bi wọ́n léèrè ojú. Wọ́n ní ó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, pé kí n má sọ fún màmá mi. Mo sọ fún màmá mi kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò ní nǹkan funfun ló bo ẹyinjú, pé iṣẹ́ abẹ lè ṣí i bí a kò bá jẹ́ kó pẹ́ jù, ó sì ní ilé ìwòsàn ojú tó dára wà ní Kàdúná lọ́dọ̀ yín. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi: dákun lọ béèrè bí ènìyàn ṣe ń rí dókítà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n lè rí wọn, kí o pè mí. Bàbá mi kọ́kọ́ ní àwọn ò lọ ibì kankan. Nígbà tí bàbá rẹ ní àwọn á bá wọn lọ, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí Kamaldeen má sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Alhaji ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀nà ò tíì yá. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé tí dókítà bá ní kí bàbá mi ka lẹ́tà ara ògiri, kí wọ́n jọ̀ọ́ má ṣe sọ ọ́ sí wọn létí. Wọ́n ní àwọn ò ṣèlérí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o gbá Mùíz mọ́ra fún mi. Màmá mi, Alhaja, Fatimah àti Ìyá Asiata, gbogbo wọn ló ń kí ọ. Jacob náà ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní jíṣẹ́ rẹ̀.

Tí àwọn bàbá wa bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wọn yóò jà lórí ẹni tí yóò sùn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọn yóò jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọn yóò jà lórí ohun tí dókítà sọ. Má là wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n máa jà. Ìgbà tí ilé wa dákẹ́ ni ẹ̀rù bà mí.

Èmi ni tìrẹ, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́,

Olúbùkọ́lá.